Ṣé àwo "Best of" tó láti fi mọ Bob Marley?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 16, ni ìfẹ́ orin Bob Marley ṣàdédé wọ̀ lára. Orin kan ṣoṣo ló gbọ́ lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí etí mi sinmi. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀, mo sì fẹ́ ra àwo fún un. Mo ti ń nawọ́ sí Legend tí gbogbo ayé mọ̀ kí àbúrò mi tó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní àwo "Best of" kì í ṣe àwo, ó ní àwọn oníṣòwò ló kó o jọ, kì í ṣe olórin, àti pé ẹni tó bá fi irú rẹ̀ mọ olórin kò tíì mọ nǹkan kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà láàárín wa. Èmi ò mọ règé tó bẹ́ẹ̀, jùjú ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Bàbá Ọmọge, Òṣogbo

Bàbá Ọmọge, ẹ rà á. Ọmọ tí orin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ lára, èyí tó máa mú un jókòó gbọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé fún un, Legend sì mọ iṣẹ́ yẹn í ṣe. Oṣù Karùn-ún ọdún 1984 ló jáde, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Bob kú ní Miami. Orin 14 ló wà nínú rẹ̀, mi ò sì rí èyí tí èèyàn máa fẹ́ fò kọjá. Ó ti tà ju mílíọ̀nù 25 lọ káàkiri ayé. Ẹ bi àbúrò yín léèrè ní ìdákọ́ńkọ́, àwo wo lòun náà fi kọ́kọ́ mọ Bob? Mo fura pé ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ló gbà wọlé, kó tó wá di pé ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Òótọ́ ni pé Bob kọ́ ló ṣa orin wọ̀nyẹn. Dave Robinson lorúkọ ẹni tó ṣà wọ́n, òun ló ń darí ilé iṣẹ́ àwo Island ní London nígbà náà. Ohun tó rí ni pé òkìkí Bob pọ̀ ju iye àwo rẹ̀ tó ń tà lọ. Ó gbà pé àwọn aláwọ̀ funfun tó lówó àwo lọ́wọ́ ń bẹ̀rù onídàda tó ń bá àwọn aninilára wí. Ló bá ṣa orin ìfẹ́ àti orin àlàáfíà, irú èyí tí wọ́n lè fi síbi ìgbéyàwó tí ara kò ní fu àlejò kankan. Ẹ wo páálí àwo náà: Bob gbé ọwọ́ sún mọ́ ẹnu, ó ń ronú jẹ́jẹ́. Kò sí èéfín igbó níbẹ̀ bó ṣe wà lára páálí àwo rẹ̀ Catch a Fire tí wọ́n tún ṣe.

Ọgbọ́n ọjà ni, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣa nǹkan ti fi nǹkan sílẹ̀, ohun tí Robinson fi sílẹ̀ ló yẹ kí ẹ mọ̀. Nínú orin 14 tó wà lórí àwo 1984 yẹn, ẹyọ kan ò ti inú Rastaman Vibration wá, ẹyọ kan ò sì ti inú Survival wá. Bẹ́ẹ̀ Rastaman Vibration, ti 1976, nìkan ni àwo Bob tó wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà tó wà láyé. Inú rẹ̀ ni War wà, orin tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí Haile Selassie bá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 1963 ṣe.

Ti Survival ló dùn mí jù. Ọdún 1979 ló jáde. Àsíá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló kún ojú páálí rẹ̀, lábẹ́ orúkọ àwo náà sì ni àwòrán bí wọ́n ṣe to àwọn baba ńlá wa sínú ọkọ̀ ẹrú, ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bí igi ìdáná. Orin tó kọ fún Zimbabwe wà níbẹ̀, kí ìlú náà tó gbòmìnira. Nígbà tí òmìnira dé ní oṣù Kẹrin 1980, òun ni wọ́n pè wá kọrin ní pápá ìṣeré Rufaro, owó ara rẹ̀ ló sì fi kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀. Èrò tó fẹ́ wọlé pọ̀ débi pé àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, èéfín rẹ̀ sì wọ inú pápá bá àwọn tó ń kọrin. Bob tó ń bá àwa gan-an sọ̀rọ̀ nìyí, Legend ò sì mú ẹyọ orin kan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká mú àwo kan ṣoṣo yẹ̀ wò, bóyá ẹ máa rí ohun tí àbúrò yín fẹ́ sọ kí ìbínú tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, 1976, àwọn agbébọn ya wọ ilé Bob ní Hope Road, Kingston. Ọta ìbọn bà á láyà àti lápá. Ó ba Rita ìyàwó rẹ̀ lórí. Don Taylor tó jẹ́ máníjà rẹ̀ ló fara gba èyí tó pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó kú. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Bob bọ́ sórí pèpéle níwájú ọ̀pọ̀ èrò, ó kọrin pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ lára, lẹ́yìn náà ló fi Jàmáíkà sílẹ̀. London ló wà nígbà tí wọ́n parí Exodus, àwo náà sì jáde ní 1977.

Ojú kìn-ín-ní Exodus kì í bẹ̀rẹ̀ lójijì. Orin ń bọ̀ láti òkèèrè, díẹ̀díẹ̀ ló ń ga, ẹni tí kò bá mọ̀ á ti lọ fọwọ́ kan bọ́tìnnì pé bóyá ohùn ẹ̀rọ ló lọ sílẹ̀. Láti ibẹ̀, ìkìlọ̀ lórí ìkìlọ̀, ẹ̀sùn lórí ẹ̀sùn, títí tó fi kan orin tó sọ àwo lórúkọ: ó ju ìṣẹ́jú méje lọ, Aston Barrett tí wọ́n ń pè ní Family Man ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì, Carlton àbúrò rẹ̀ ń lu ìlù, bí ìrìn ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ọ̀nà kan náà. Ìgbà tí ẹ bá yí àwo padà ni ara tó máa tù yín. Jamming ló ṣí ojú kejì, Waiting in Vain tẹ̀ lé e, kó tó kan Turn Your Lights Down Low, Three Little Birds àti One Love.

Mẹ́rin nínú orin márùn-ún ojú kejì yẹn ló wà nínú Legend. Nínú márùn-ún ti ojú kìn-ín-ní, Exodus nìkan ni. Robinson kó ìtùnú, ó fi ọgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Three Little Birds nínú Legend lè rò pé ẹni tí ìdààmú ò kàn rí ló kọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ojú kìn-ín-ní Exodus á mọ̀ pé ẹni tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bà ló ń fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀. Wọn ò yí ohùn kan padà nínú orin náà o.

Mi ò ní torí ìyẹn bú Robinson tán. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe No Woman, No Cry ní sítúdíò, ó wà nínú Natty Dread ti 1974. Ẹ̀rọ ló ń lu ìlù rẹ̀, ó sì yára kọjá. Èyí tó wà nínú Legend ni wọ́n gbà sílẹ̀ níbi eré tí Bob ṣe ní Lyceum, London, ní 1975, níbi tí èrò inú gbọ̀ngàn ti ń kọ ọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbẹ́nu lé e. Ẹni tó ṣa ìyẹn létí.

Ẹ tún sọ fún ọmọ yín pé ẹgbẹ́ ni Wailers. Peter Tosh àti Bunny Wailer wà lára àwọn tó bá Bob dá a sílẹ̀, kí wọ́n tó bá tiwọn lọ lẹ́yìn Burnin' ti 1973. Nínú Get Up, Stand Up, tí Bob àti Peter jọ kọ, ohùn Peter ló wà ní apá ìkẹyìn. Ẹ ní kó tẹ́tí, kó fi ìka hàn yín ibi tí ohùn ti yí padà.

Ẹ ní jùjú ni wọ́n fi tọ́ yín dàgbà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbà pé àbúrò yín jàre. Ẹ rántí àwo Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé: ojú kan á lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró, orin ń wọnú orin, wọ́n ń ki ẹni tó yẹ ní kíkì, gángan ń sọ, gìtá ń dáhùn. Èwo lèèyàn fẹ́ gé jáde níbẹ̀ pé òun lòun mú? Island yìí kan náà gbìyànjú ẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ikú Bob, wọ́n gbé Juju Music ti Sunny jáde, wọ́n pín in sí orin méje tó dá dúró, kó lè rọ òyìnbó lọ́rùn. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Sunny tí wọ́n ń náwó fún mọ́jú lóde ìnáwó kọ́ nìyẹn.

Ti Fela tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Zombie ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ, Unknown Soldier gba nǹkan bí ìdajì wákàtí, ẹgbẹ́ á sì ti lù ú dáadáa kí Fela tó yanu rárá. Nígbà tí wọ́n ń kó The Best Best of Fela Kuti jọ, wọ́n gé lára àwọn orin kan, wọ́n sì mú apá kejì nìkan nínú àwọn mìíràn, bíi Coffin for Head of State. Ẹni tó bá ń ra Fela fún ọmọ, àwo odidi ni mo máa ní kó rà. Àwọn tó ń ṣe orin oníṣẹ́jú mẹ́ta láyé àtijọ́, bíi Bobby Benson àti Victor Ọláìyá, ní tiwọn, àkójọ ò pa wọ́n lára. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń tà á látilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wailers fúnra wọn láàárín 1964 sí ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Coxsone Dodd àtàwọn mìíràn ní Kingston.

Nítorí náà, ẹ ra Legend, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ títí yóò fi mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Tó bá ṣe bíi pé Jamming tàbí One Love ni, Exodus ló kàn, kó gbọ́ ọ láti orí dé ìdí. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, ẹ bá a pa shuffle. Tó bá jẹ́ Get Up, Stand Up ló ń pariwo rẹ̀ káàkiri ilé, ẹ wá Burnin' fún un. Lọ́jà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àkójọ tí DJ ń pariwo orúkọ ara rẹ̀ lé lórí. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí kí ẹ tó sanwó.

Ní ti Survival, ẹ má ra ìyẹn. Àbúrò yín tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó rà á fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí náà, kó sì jókòó tì í kí wọ́n jọ gbọ́ ọ.