Orí Kẹfà: Epo, Òróró àti Iná

Kí ẹ tó ra àkàrà, ẹ wo inú agbada. Òróró tuntun mọ́ gaara, ẹ ó rí ìdí agbada. Èyí tí wọ́n fi dín àkàrà lánàá, tí wọ́n tún gbé kaná lónìí, á ti dúdú. Á máa ki, á máa hó yẹẹ, òórùn rẹ̀ á sì ti yí padà. Òróró bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń dín nǹkan.

Kí ló bà á jẹ́? Iná ni, àti afẹ́fẹ́, àti omi tó wà nínú ẹ̀wà lílọ̀. Bí òróró bá gbóná jù, ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn èròjà tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì yọjú. Ọ̀kan lára wọn ló máa ń ta wá lójú àti lọ́fun nígbà tí òróró bá ń rú èéfín. Bí a bá ṣe ń gbé òróró kan náà padà sórí iná tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ní Malaysia, níbi tí epo ti pọ̀ bíi tiwa, àwọn onímọ̀ fi epo tí wọ́n gbé kaná léraléra sínú oúnjẹ eku. Ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà ru.

Mo mọ̀ pé òróró wọ́n, kò sì sí alákàrà tó fẹ́ da owó rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ìlera ẹni tó ń jẹ ẹ́ àti ti ẹni tó ń dín in, tó ń fa èéfín rẹ̀ símú láti ìdájí, ṣe pàtàkì ju owó lọ. Bí ẹ bá fẹ́ tún òróró lò, ẹ sẹ́ ẹ nígbà tó bá tutù, kí èérún tó ti jóná má bàa kù sínú rẹ̀. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Ẹ má ṣe bu tuntun lé ògbólógbòó lórí. Gbàrà tó bá ti dúdú, tàbí tó ń hó yẹẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí epo pupa. Kárótíìnì ni èròjà tó sọ ọ́ di pupa. Ara wa máa ń sọ kárótíìnì di fítámínì A, èyí tó ń jẹ́ ká ríran ní alẹ́, tó sì ń ran ọmọdé lọ́wọ́ láti borí àìsàn. Àmọ́ kí ni a máa ń ṣe sí epo náà nígbà tí a bá fẹ́ se ayamáṣe? A ó gbé e kaná, a ó dé e, a ó jẹ́ kó jó títí pupa rẹ̀ á fi ṣí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣí ìkòkò náà àfi tó bá tutù, torí pé èéfín rẹ̀ lè mú gbogbo ilé húkọ́. Nígbà tí pupa yẹn bá lọ, kárótíìnì ló lọ. Ọbẹ̀ náà dùn, n kò ní purọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ọdún. Ní ọjọ́ yòókù, ẹ jẹ́ kí epo gbóná níwọ̀nba, kí ẹ da àlùbọ́sà sí i kó tó rú èéfín.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ epo pupa nìyí. Ní àárọ̀ ọyẹ́, ó máa ń dì nínú ìgò, nígbà tí òróró ẹ̀pà ṣì ń ṣàn. Ọ̀rá tó ń dì ló fà á. Ó tó ìdajì nínú epo pupa. Nínú àdín àgbọn àti àdín ẹ̀kùrọ́, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Kì í ṣe pé ó ń dì báyẹn nínú iṣan wa o; ara ti gbóná jù fún ìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù búburú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó lè fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ike òróró pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Kò sí òróró ohun ọ̀gbìn tó ní in ní iye tó jọjú. Ẹ béèrè irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀.

Bọ́tà líle tí wọ́n fi òróró ṣe ní ilé iṣẹ́ náà lè ní ọ̀rá kan tó tún burú ju ọ̀rá tó ń dì yìí lọ. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè lé ọ̀rá náà kúrò nínú oúnjẹ. Òfin Nàìjíríà náà kò gbà kó ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá.

Ó wá ku ti ìwọ̀n. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan òróró tó kálórì 120, ì báà jẹ́ olówó ńlá tàbí olówó pọ́ọ́kú. Ọ̀pọ̀ wa kì í sì í wọ̀n ọ́n; ṣe la máa ń dorí ike kodò sínú ìkòkò. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìgò kan bá ń tán nílé yín ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbìyànjú kó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.