Ṣé a lè sọ bọ́ọ̀sì di four-wheel nínú ọgbà ilé?

Ní Ketu níbí, tí òjò bá ti dé, ìbéèrè kan wà tí kì í tán. Ọkọ̀ tó lọ kó tòmátò àti ata ní Mile 12 á rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, àwọn ọmọkùnrin á tì í, wọ́n á gbowó, kó tó jáde tòmátò ti ń ṣomi nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ń fi HiAce ṣe iṣẹ́ yìí ló bi mí láìpẹ́ pé, "Àbúrò, ìwọ tó o máa ń ka sáyẹ́ǹsì, wẹ́dà kan ní òun lè bá mi sọ ọkọ̀ yìí di four-wheel. Ṣé kí n kówó fún un?" Owó iléèwé ọmọ wà nínú owó yẹn o.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe. Nínú àwọn ọdún 1970, Gustav Mayer, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà bọ́ọ̀sì ní Volkswagen ní Jámánì, tó fẹ́ràn ìrìn àjò aṣálẹ̀ Sàhárà, òun àti Henning Duckstein gbé bọ́ọ̀sì Volkswagen, wọ́n fún táyà iwájú náà ní agbára. Láti ibẹ̀ ni èrò náà ti dàgbà títí ó fi di Syncro, tí ilé iṣẹ́ Steyr-Daimler-Puch bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Graz, ní orílẹ̀-èdè Austria, ní 1985. Ara ọkọ̀ kan náà ni pẹ̀lú bọ́ọ̀sì onígun tí a ń pè ní danfo l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ilé iṣẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ọkọ̀ fi ń rì. Táyà ò lè ti ọkọ̀ síwájú ju bó ṣe di ilẹ̀ mú lọ, bó ṣe di ilẹ̀ mú sì sinmi lé ìwúwo tó wà lórí ẹ̀. Ká ní HiAce tó kẹ́rù wọn kílò 2,400, tí kílò 1,400 nínú ẹ̀ wà lórí táyà ẹ̀yìn tó ń wà á. Ká fi 0.3 ṣe òṣùwọ̀n bí ẹrẹ̀ ṣe gba ìdìmú tó. 1,400 lọ́nà 9.8 lọ́nà 0.3 jẹ́ nǹkan bí newton 4,100. Tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo 2,400 ló wọlé, ó di nǹkan bí 7,050. Ẹ́ńjìnnì ò yí padà rárá o. Ìwúwo tó ń jókòó lásán níwájú la kàn fún níṣẹ́.

Wàyí o, kí ni wẹ́dà yẹn máa kó sábẹ́ ọkọ̀? Àpótí jíà kejì lẹ́yìn gearbox, tí yóò pín agbára sọ́nà méjì. Propeller tó ń lọ síwájú. Differential fún iwájú. Shaft méjì tó ní CV joint, torí táyà iwájú ń yí sọ́tùn-ún sósì. Àti hub tuntun. Irin tó gbé iwájú ọkọ̀ dúró lè dí propeller lọ́nà, wọ́n á gé e, wọ́n á jó òmíràn. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Orí irin yẹn ni stẹ́rìn àti ẹsẹ̀ iwájú so mọ́. Tí ojú jíjó náà bá là lórí eré ní Ìkòròdú Road, mẹ́kánííkì ò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ á tún ga sókè sí i, bẹ́ẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò ti ga tẹ́lẹ̀. Kò ní pẹ́ dojú dé ní kọ́nà.

Ohun tí àwọn ayẹ́ra-ọkọ̀-wò fi ojú di jù ni oǹkà eyín jíà. Ká ní ẹ rí differential iwájú kan rà ní Owódé Onírin, 4.1 ni, ti ẹ̀yìn yín sì jẹ́ 4.3. Ìyàtọ̀ kékeré, abí? Nínú kìlómítà kan péré, iwájú á fẹ́ fi bíi mítà 49 ṣíwájú ẹ̀yìn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ni wọ́n! Lórí ẹrẹ̀, táyà á yọ̀, ìjà náà á tú ká. Lórí títì ọlọ́dà, kò síbi tó máa yọ̀ sí, irin ló máa ṣẹ́. Kódà tí oǹkà bá bára mu, táyà iwájú máa ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ ní kọ́nà. Ìdí nìyí tí Syncro fi fi àpótí kan tó kún fún òróró silicone sáàárín: tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń sáré bákan náà, ó fi wọ́n sílẹ̀, tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, òróró gbóná, ó le, ó gbé agbára fún èkejì.

Èyí tó ya ẹ̀gbọ́n lẹ́nu jù rèé. Differential lásán máa ń fún táyà ọ̀tún àti òsì ní ipá yíyí tó dọ́gba. Tí ti òsì bá wà nínú ẹrẹ̀ tí ò gba nǹkan kan, ìwọ̀nba tí ẹrẹ̀ yẹn gbà náà ni ti ọ̀tún máa rí, bó tilẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nítorí náà, HiAce kì í lo táyà méjì dáadáa níbi tó ti rì, ẹyọ kan ló ń yí bí fáànù. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di four-wheel láìfi lọ́ọ̀kì sí differential, táyà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ló máa máa yí bí fáànù.

Ìdáhùn mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì kówó fún un. Ẹ wá lọ́ọ̀kì fún differential ẹ̀yìn, ẹ ra táyà ẹ̀yìn méjì tí eyín wọn jìn, ẹ gbé pátákó méjì sínú bọ́ọ̀sì." Owó ẹ̀ kéré gan-an sí ti wẹ́dà, kò sì sẹ́ni tó máa gé irin iwájú. Bírékì ò tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀ four-wheel, torí gbogbo ọkọ̀ ló ti ń fi táyà mẹ́rin dúró tẹ́lẹ̀.

Ó tún bi mí nípa àkúnya omi. Tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, odò Ògùn máa ń kún wọ Ajégúnlẹ̀ àti Agílítí lápá ibí. Omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé mọ́tò kékeré léfòó; 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tó fi mọ́ jíìpù. Ọkọ̀ tó ti léfòó ò ní ilẹ̀ tí táyà kankan máa dì mú. Níbẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbìyànjú, oǹkà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ páàkì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà iwájú níwá lẹ́yìn, ẹ fi jíà sí free, ẹ tú handbrake. Ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo, ẹ ti stand bọ abẹ́ ẹ̀, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà àti propeller. Ẹ yí táyà náà ní ìgbà 20, kí ẹnì kan máa wo propeller láti ẹ̀gbẹ́, kó máa ka iye ìgbà tó yí. Ẹ pín iye náà sí ọ̀nà 10. Tó bá yí ní ìgbà 41, 4.1 ni tiyín.