Àpótí Ò Dé: Sípáníìṣì fún Ẹni Tó Ń Béèrè Èsì Ẹ̀sùn Rẹ̀

Èdè Sípáníìṣì la fẹ́ fọwọ́ bà lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti "orúkọ mi ni" nìkan. Èyí tó lè gba ẹrù tàbí owó padà ni.

Pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ò jìnnà sí Jakande wa níbí. Ká ní àǹtí yín dé láti Madrid, àpótí tí aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé wà nínú rẹ̀ ò bá a dé. Kó tó kúrò ní pápá, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn ẹrù, kí wọ́n kọ ìwé fún un, kó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò pè é, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Abéèrè kì í ṣìnà. Kó pe Madrid. Tí ẹni tó gbé fóònù ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìró. Fáwẹ̀lì àìránmúpè Yorùbá jẹ́ 7, ti Sípáníìṣì jẹ́ 5: a, e, i, o, u. H kì í dún rárá. Ll ń dún bíi y wa, qu ń dún bíi k.

1. Buenos días. Llamo por una reclamación. (Ẹ káàárọ̀. Torí ẹ̀sùn kan ni mo ṣe pè.)
2. Mi número de reclamación es... (Nọ́ńbà ẹ̀sùn mi ni...)
3. Han pasado diez días. (Ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá.)
4. Todavía no he recibido respuesta. (Mi ò tíì rí èsì kankan gbà.)
5. ¿Con quién hablo, por favor? (Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?)
6. ¿Me lo puede enviar por escrito? (Ṣé ẹ lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi?)

Ẹ má fojú kékeré wo ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Ẹni tó ti dárúkọ, tó sì ti kọ̀wé, kò ní lè sọ lọ́la pé òun ò mọ nǹkan kan.

Ẹ wo puede dáadáa. Àwọn náà ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa: puedes ni "o lè", puede ni "ẹ lè". Inú lè máa bí èèyàn, àmọ́ puede ni kó lò. Ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún á fetí sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà àti Sípéènì jọ wà nínú rẹ̀, sọ pé tí ẹrù bá bàjẹ́, kí olówó rẹ̀ kọ̀wé ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ 7 tó gbà á. Tó bá jẹ́ pé ó pẹ́ dé ni, ọjọ́ 21 ni. Tí ọjọ́ 21 bá kọjá láti ìgbà tó yẹ kó dé, tí kò dé, ó lè béèrè owó rẹ̀ bíi ti ẹrù tó sọnù. Kó tọ́jú rísíìtì gbogbo ohun tó rà dípò rẹ̀.

Iṣẹ́ àmúrelé: cinco ni márùn-ún. Ẹ kọ "Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá, mi ò tíì rí èsì kankan gbà" ní Sípáníìṣì, kẹ́ ẹ sì kà á sókè fún ẹni tó jókòó tì yín.