Aláìṣègbè àti Agbèsàlẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ìtò Ìró nínú Agbóhùnsétí Aláìníwáyà

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá lọ ra hẹ́ẹ̀dìfóònù aláìníwáyà olówó ńlá lóde òní yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ẹni tí ń tà á. Yóò gbọ́ pé ọ̀kan ní béèsì dáadáa. Yóò gbọ́ pé èkejì mọ́ gaara. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe sí ìró kí ó tó dé etí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ìṣòro mìíràn ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni "ohùn ìsàlẹ̀", bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gírámà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí sílébù kejì nínú "ọkọ̀" tí ènìyàn ń wọ̀. Kì í ṣe ìró gìtá béèsì.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe ohun méjì. Èkíní, ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀rọ tí kò gbè sí apá kan ìró àti èyí tí ó gbè sí béèsì. Èkejì, ó dábàá àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí kò ní í da ìmọ̀ ìró pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ohùn èdè. Hẹ́ẹ̀dìfóònù ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ẹ̀rọ náà, orúkọ náà kò sì ní láti parẹ́ lẹ́nu wọn. Nínú ìwé ẹ̀kọ́, "agbóhùnsétí" ni ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí lò.

2. Ìró, Ohùn àti Agbára

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó dá yàtọ̀ síra wọn kí àlàyé tó lè lọ síwájú.

Ìró ni gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ tí etí lè gbọ́. Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni iye ìgbọ̀n, Hz sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Etí ọ̀dọ́ tí ó dá ṣáṣá lè gbọ́ ìró láti nǹkan bíi 20 Hz títí dé nǹkan bíi 20,000 Hz. Fún ìrọ̀rùn àlàyé, ó ṣeé ṣe láti pín in sí mẹ́ta: ìró ìsàlẹ̀, láti 20 dé 250 Hz, ìró àárín, láti 250 dé 4,000 Hz, àti ìró òkè, láti 4,000 Hz lọ. Ààlà wọ̀nyí kì í ṣe òfin, àdéhùn ni. Okùn tí ó nípọn jù lára gìtá béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bíi 41 Hz. Síísì tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ bíi "sísá", ìyẹn ìró kọ́ńsónáǹtì s, kó ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ jọ sí òkè 4,000 Hz.

Ohùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ gírámà ti ń lò ó, ni gíga àti sísọ̀kalẹ̀ tí ń fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀.

Agbára ìró ni bí ìró ti lágbára tó, dẹ̀síbẹ̀lì (dB) sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Àfikún nǹkan bíi 10 dB ni ó ń mú kí etí ka ìró kan sí ìlọ́po méjì ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èdè ojoojúmọ́ a máa da gíga ohùn àti agbára ìró pọ̀: ẹni tí wọ́n ní kí ó gbé ohùn sókè, kí ó lè ta sí gbogbo ènìyàn létí ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn onílù kò dà wọ́n pọ̀. Nígbà tí onídùndún bá fún ọṣán mọ́ ìhà, ohùn ìlù a lọ sókè, bí kò tilẹ̀ fi kọ̀ǹgọ́ lù ú kíkankíkan ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

3. Ìtò Ìró àti Ohun tí Àìṣègbè Jẹ́

Ìtò ìró ni ìwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ fi fún ìró ìsàlẹ̀, ìró àárín àti ìró òkè nígbà tí ó bá ń gbé wọn jáde. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí onígúdúgúdú tí ń lẹ ìda mọ́ ojú ìlù rẹ̀ kí ó lè dún bí ó ti fẹ́. Nínú agbóhùnsétí onívàyà àtijọ́, bí wọ́n ti gbẹ́ ike rẹ̀ àti irú tìmùtìmù tí wọ́n fi yí i ká ni ó ń pinnu ìtò ìró. Nínú aláìníwáyà òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ń ṣírò ìró kí ó tó jáde. Nítorí náà, ìpinnu àwọn tí ó ṣe é ni ìtò ìró rẹ̀ jẹ́, ju bí ike rẹ̀ ti rí lọ.

Ó rọrùn láti rò pé ẹ̀rọ tí kò ṣègbè ni èyí tí ó fún gbogbo ìró ní agbára kan náà gẹ́lẹ́ lẹ́nu ihò etí. Èrò yìí kò tọ̀nà, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì.

Ìdí kìíní wà lára etí fúnra rẹ̀. Ìró tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá a máa kan èjìká, orí àti ewé etí, kí ó tó wọ inú ihò etí. Ní agbègbè nǹkan bíi 3,000 Hz, àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí a máa fi ohun tí ó ju 10 dB lọ kún un. Ọpọlọ ti mọ àfikún yìí láti ìgbà èwe. Agbóhùnsétí kò gba ọ̀nà yẹn. Ẹnu ihò etí ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Bí kò bá fi àfikún náà kún ìró àárín, ohùn akọrin yóò dà bí ẹni tí ó fi aṣọ bo ẹnu. Ní 1986, Günther Theile ti ilẹ̀ Jámánì tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí ó ti yẹ kí wọ́n fi àfikún yìí ṣe òṣùwọ̀n fún agbóhùnsétí àwọn ilé ìgbohùnsílẹ̀.

Ìdí kejì wà lára yàrá. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gbọ́ orin láti inú sípíkà, ògiri yàrá a sì máa dá ìró ìsàlẹ̀ padà kí ó lè lágbára sí i. Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bíi 2012. Wọ́n jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ fi ìtò ìró wéra láìmọ orúkọ ẹ̀rọ tí ó ni ín. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn yàn ni èyí tí ó jọ sípíkà dáadáa nínú yàrá dáadáa, tí ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi dẹ̀síbẹ̀lì díẹ̀ ga ju ti àárín lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2018, ìdá 64 nínú 100 àwọn olùgbọ́ ni ó fara mọ́ ìtò yìí. Ìdá 15 fẹ́ kí ìró ìsàlẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 21 sì fẹ́ kí ó dín kù.

Àìṣègbè, nígbà náà, kì í ṣe pé kí ẹ̀rọ má ṣe ohunkóhun. Adájọ́ tí kò ṣègbè kì í ṣe adájọ́ tí kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

4. Ìdí tí Ẹ̀rọ Fi ń Gbè sí Ìró Ìsàlẹ̀

Agbèsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó fún ìró ìsàlẹ̀ ní agbára tí ó ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ. Beats Studio, tí ó jáde ní 2008, sọ irú ìtò yìí di gbajúmọ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́. Sony WH-1000XM4, tí ó jáde ní 2020, náà gbè sí ìró ìsàlẹ̀ bí ó ti ti inú páálí jáde, ṣùgbọ́n áàpù rẹ̀ fún olùgbọ́ láàyè láti tún un tò.

Kì í ṣe ìfẹ́ ijó nìkan ni ó fa àṣà yìí. Ní 1933, Fletcher àti Munson fi hàn pé nígbà tí ìró kò bá lágbára, ìró ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ pòórá létí. Ẹni tí ń gbọ́ orin jẹ́ẹ́jẹ́ yóò rò pé béèsì kò sí, nígbà tí ó sì wà níbẹ̀. Bákan náà, bí férémù awò ojú bá gbé tìmùtìmù ẹ̀rọ kúrò lára awọ, ìró ìsàlẹ̀ a máa jò jáde. Lẹ́yìn èyí, ariwo jẹnẹrétọ̀, ti ọkọ̀ àti ti bàálù, ìró ìsàlẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọn a sì máa bo ìró ìsàlẹ̀ orin mọ́lẹ̀.

Ìdí ìkẹyìn yìí kò lágbára mọ́ bíi ti àtijọ́. Láti 1936 ni Paul Lueg ti gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí bí ìró kan ṣe lè sọ èkejì dòfo, bí gbígbọ̀n wọn bá ta ko ara wọn. Ní 1989, ilé iṣẹ́ Bose gbé agbóhùnsétí tí ó ń lo ọgbọ́n yìí jáde fún àwọn awakọ̀ òfurufú. Ìró tí kò ju nǹkan bíi 1,000 Hz lọ ni ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ lé lórí dáadáa jù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti sọ ariwo jẹnẹrétọ̀ dòfo, kò nídìí tí ó fi yẹ kí ó tún máa bá a du ipò.

5. Ẹ̀rí Tẹlifóònù

Ohun tí ó kan èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Àwọn kan lè rò pé agbèsàlẹ̀ yóò ba ohùn Yorùbá jẹ́, tàbí pé yóò mú kí ohùn ìsàlẹ̀ hàn ketekete. Èrò méjèèjì ti inú ìdàpọ̀ ọ̀rọ̀ ìperí wá. Tẹlifóònù onílẹ̀ ti tú àṣírí rẹ̀ tipẹ́.

Ìró tí ó wà láàrin nǹkan bíi 300 àti 3,400 Hz nìkan ni tẹlifóònù yẹn ń gbé kọjá. Ìró ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, èyí tí gíga ohùn rọ̀ mọ́, sì wà láàrin nǹkan bíi 80 àti 300 Hz nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, àwọn Yorùbá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹni tí wọ́n ní kí ó ra ọkọ́ kò sì lọ ra ọkọ̀.

Ìdí ni pé ìró ìpìlẹ̀ kì í dá rìn. Bí ti ọkùnrin kan bá jẹ́ 120 Hz, àwọn ìró àtẹ̀lé rẹ̀ yóò jẹ́ 240, 360, 480 àti 600 Hz, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Tẹlifóònù gé 120 àti 240 dànù, ìyókù kọjá. Àlàfo tí ó wà láàrin wọn ṣì jẹ́ 120, ibẹ̀ ni ọpọlọ sì ti ń mọ gíga ohùn. Bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀ sí 100 Hz, àwọn àtẹ̀lé yóò di 300, 400 àti 500, ọpọlọ yóò sì mọ̀ pé ohùn ti wálẹ̀.

Nítorí náà, ìró ìsàlẹ̀ lè pòórá pátápátá kí ohùn ìsàlẹ̀ ṣì wà. Kódà, ohùn òkè ọkùnrin tí ìró ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 Hz, inú àgbègbè ìró ìsàlẹ̀ ni ó wà. Ìró ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀.

Ibi tí agbèsàlẹ̀ ti ń ṣe ìpalára yàtọ̀ sí èyí. Ìró ìsàlẹ̀ tí ó lágbára a máa bo ìró tí ó wà lókè rẹ̀ mọ́lẹ̀, ju bí ìró òkè ti lè bo ti ìsàlẹ̀ lọ. Nínú orin, bí kẹríkẹrì bá bo ìyáàlù mọ́lẹ̀, ijó lè dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ kò ní í yé oníjó. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, fáwẹ́lì i àti u, tí wọ́n ní agbára púpọ̀ ní nǹkan bíi 300 Hz, wà nítòsí ewu náà. Ìyàtọ̀ s àti ṣ, tí ó rọ̀ mọ́ ìró tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, sì lè má hàn dáadáa bí orin bá ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń da oríkì inú àwo orin kọ sínú ìwé yóò ṣe dáadáa bí ó bá lo ẹ̀rọ aláìṣègbè.

Ìlera etí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí béèsì bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún a máa fi kún agbára gbogbo ìró kí ọ̀rọ̀ lè yé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dábàá pé kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ìró tí agbára rẹ̀ jẹ́ 80 dB ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ kan.

6. Yíyan Ọ̀rọ̀ Ìperí

Fún ìtò tí kò gbè sí apá kan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ṣeé gbé yẹ̀wò. "Dọ́gbadọ́gba" kò péye, nítorí pé etí kò gba ìró dọ́gbadọ́gba, gẹ́gẹ́ bí ìpín kẹta ti fi hàn. "Aláìlábùlà" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn. Ó ti dá ẹjọ́ kí ẹ̀rí tó pé. "Aláìṣègbè" ni ó dára jù, nítorí pé ó sọ nípa ẹ̀tọ́ apá kọ̀ọ̀kan láìsọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọọgba. Láti inú gbòǹgbò kan náà, ìyẹn gbè, ni "agbèsàlẹ̀" ti wá, tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi bá ara wọn mu.

Ó yẹ kí olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ṣọ́ra fún pàkúté kan. Bí ó bá fẹ́ sọ orúkọ ẹ̀rọ tí ń mú ariwo kúrò, tí ó sì pè é ní "apariwo", òdìkejì ohun tí ó ní lọ́kàn ni ó sọ, nítorí pé ẹni tí ó pa ariwo, ó kígbe ni. "Ìsọdòfo ariwo" bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe yìí, ó sì bá ìlànà iṣẹ́ ẹ̀rọ náà mu.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá nìwọ̀nyí:

Agbóhùnsétí: ẹ̀rọ tí ń gbé ìró sí etí ẹnì kan ṣoṣo.
Iye ìgbọ̀n: iye ìgbà tí ohun kan gbọ̀n láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.
Ìró ìsàlẹ̀, ìró àárín, ìró òkè: ìpín mẹ́ta ìró gẹ́gẹ́ bí iye ìgbọ̀n wọn. "Ohùn" kò gbọ́dọ̀ rọ́pò "ìró" nínú wọn.
Ìró ìpìlẹ̀: ìró tí iye ìgbọ̀n rẹ̀ kéré jù nínú ohùn kan.
Ìró àtẹ̀lé: ìró tí iye ìgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po ti ìró ìpìlẹ̀.
Ìtò ìró: ìwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ fi fún ìpín ìró kọ̀ọ̀kan.
Aláìṣègbè: ìtò tí ó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí etí ti ń gbọ́.
Agbèsàlẹ̀: ìtò tí ó fún ìró ìsàlẹ̀ ní agbára tí ó ju ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ.
Ìbòmọ́lẹ̀: kí ìró kan má jẹ́ kí etí gbọ́ òmíràn.
Ìsọdòfo ariwo: fífi ìró tí ó ta ko ariwo mú un kúrò.

7. Ìkádìí

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn fẹ́ràn agbèsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ni, ìwádìí 2018 sì fi hàn pé irú wọn wà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí ó mọ ohun tí ó yàn. Ẹni tí ó mọ̀ pé béèsì ni ó pọ̀ jù yóò dín béèsì kù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò fi kún agbára gbogbo ìró, etí rẹ̀ ni yóò sì san gbèsè náà. Bí olùkọ́ bá sì ya ìró ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ìmọ̀ fisíìsì àti ìmọ̀ gírámà yóò lè jókòó nínú kíláàsì kan náà láìgba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu.