Mànílà, ìlú èbúté olódi òkúta

Ìlú tí a ó kà nípa rẹ̀ lónìí jìnnà sí wa púpọ̀. Mànílà ni wọ́n ń pè é. Òun ni olú-ìlú Filipíìnì, ní ìlà-oòrùn ayé, nísàlẹ̀ Ṣáínà. Filipíìnì kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo. Erékùṣù tó lé ní 7,000 ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Mànílà wà ní erékùṣù Luzon, níbi tí odò Pasig ti wọ inú òkun. Ọjà ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó fojú kàn án. Àwọn oníṣòwò Ṣáínà ń kó aṣọ ṣẹ́dà àti àwo tánganran wá. Sulayman ni ọba tó wà ní ẹnu odò, Mùsùlùmí ni. Ní òdìkejì odò, ní Tondo, Lakandula ló ń jọba.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwa tí a wà ní kíláàsì yìí gbọ́ dáadáa. Àwọn ará ibẹ̀ ní lẹ́tà tiwọn. Baybayin ni orúkọ rẹ̀, lẹ́tà 17 ni. Orí ọparun àti ewé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní ọdún 1604, àlùfáà Kátólíìkì kan, Pedro Chirino, sọ nínú ìwé rẹ̀ pé ó ṣòro láti rí ọkùnrin tàbí obìnrin ibẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà. Bóyá ó bu iyọ̀ sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: obìnrin pẹ̀lú! Ní ọdún 1593, àwọn àlùfáà tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn kan ní Mànílà. Wọ́n fi èdè Sípéènì àti èdè Tàgálọ́gì, èdè àwọn ará ibẹ̀, kọ ọ́. Wọ́n fi lẹ́tà òyìnbó àti baybayin kọ Tàgálọ́gì náà. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà òyìnbó borí, baybayin sì ń pòórá díẹ̀díẹ̀.

Báwo ni àwọn Sípéènì ṣe débẹ̀? Ní ọdún 1521, Magellan tó ṣáájú wọn wá jagun ní erékùṣù Mactan. Àwọn ènìyàn Lapulapu pa á. Ní ọdún 1565, Legazpi kó àwọn ọmọ ogun mìíràn wá, wọ́n tẹ̀dó sí Cebu. Ní ọdún 1570, wọ́n kọlu Mànílà, iná sì jó ìlú náà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Legazpi fúnra rẹ̀ dé, ó gba ilẹ̀ náà. Orúkọ ọba wọn, Felipe, ni wọ́n fi sọ gbogbo erékùṣù náà.

Igi àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́lé. Ní ọdún 1583 iná tún jó ìlú. Láti nǹkan bí ọdún 1590, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi òkúta. Odi náà gùn tó kílómẹ́tà mẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Intramuros, ìyẹn ni pé “inú odi”. Àwọn Sípéènì ló ń gbé inú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti ilé gómìnà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wà lóde odi. Àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n ń ránṣọ, tí wọ́n ń kọ́lé fún ìlú, wọ́n wà ní àdúgbò tiwọn tí ń jẹ́ Parián, níbi tí ìbọn ńlá orí odi ti lè bà wọ́n. Ní ọdún 1603, ìjà dé, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn.

Kí ni wọ́n ń ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọjà ni. Láti ọdún 1565 dé ọdún 1815, ìyẹn 250 ọdún, ọkọ̀ onígbòkun ńlá ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín Filipíìnì àti ìlú Acapulco ní Mẹ́síkò. Galeón ni wọ́n ń pè é. Ó ń kó fàdákà bọ̀, ó ń kó ṣẹ́dà àti tánganran lọ. Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ẹrù yẹn ti wá, alágbàtà ni Mànílà. Àbọ̀ láti Acapulco gba oṣù mẹ́ta. Àlọ le jù: oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Omi mímu á dín, àìsàn á wọ ọkọ̀, wọ́n á máa sin òkú sínú òkun. Ọkọ̀ náà kó irúgbìn pẹ̀lú: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, tábà, kòkó. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí àwa náà ń gbìn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni wọ́n ti wá. Àwọn Potogí ló gbé wọn gba òkun ti ìhín.

Ta ló kan ọkọ̀ náà? Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó wà lóde odi ni. Ọkùnrin láti ọmọ ọdún 16 sí 60 gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìjọba fún 40 ọjọ́ lọ́dún. Polo ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ẹni tó lówó lè sanwó kó bọ́. Tálákà á lọ. Wọ́n á gé igi nínú igbó orí òkè, wọ́n á wọ́ ọ dé etí òkun, wọ́n á kan ọkọ̀ ní Cavite, nítòsí Mànílà. Òfin ní kí wọ́n fún wọn ní owó àti ìrẹsì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kò rí i gbà. Oko wọn ń dìgbẹ́ nílé. Àwọn bàbá wa àgbà tó ṣe iṣẹ́ ipá fún àwọn Fàráńsé títí òfin fi dá a dúró ní ọdún 1946, wọn ì bá mọ ohun tí à ń sọ.

Ní ọdún 1649, àṣẹ dé pé kí àwọn ará erékùṣù Samar náà wá sí Cavite. Òkun wà láàárín wọn. Ọkùnrin kan ní Palapag, Sumuroy, kó ènìyàn jọ, wọ́n ní àwọn ò lọ. Ìjà náà ràn dé àwọn erékùṣù mìíràn, ó di ọdún kejì kí wọ́n tó pa Sumuroy.

Ní ọdún 1896, wọ́n ti José Rizal, dókítà àti òǹkọ̀wé, mọ́ ilé ìhámọ́ Fort Santiago nínú odi. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, wọ́n yìnbọn pa á lóde odi. Ní ọdún 1898, Amẹ́ríkà ṣẹ́gun Sípéènì, ó sì san mílíọ̀nù 20 dọ́là fún un lórí Filipíìnì. Wọn ò bi àwọn tó ni ilẹ̀. Ọdún 1946 ni Filipíìnì gba òmìnira.

Ní ọdún 1945, Amẹ́ríkà àti Jàpáànì jagun nínú Mànílà. Bí 100,000 ará ìlú ló kú. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì inú odi, San Agustín nìkan, tí wọ́n parí ní ọdún 1607, ló ṣẹ́ kù lórí ìdúró. Ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti tún púpọ̀ nínú odi náà mọ. Èdè Sípéènì náà kò tán lẹ́nu wọn: tábìlì ń jẹ́ mesa, fèrèsé ń jẹ́ bintana, bàtà ń jẹ́ sapatos.

Ìbéèrè

1. Ta ló ń gbé inú odi? Ta ló ń gbé lóde?
2. Kí ló dé tí Sumuroy àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi kọ̀ láti lọ sí Cavite?
3. Kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí à ń sọ lójoojúmọ́ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá.