Kí O Tó Ra MacBook, Bi Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ Léèrè

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, mo fẹ́ bá ọ sọ ohun tí ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà lè má sọ fún ọ. Ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú Windows 10, òun ló sì wà lórí púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò láti Kọ́bapẹ́ títí dé Ìtòkú. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ń ní kí o kúkú ra MacBook, pé bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ bí iná bá lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ni kó yan kọ̀ǹpútà fún ọ.

Kọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀

Kọ gbogbo ohun tí o ń fi kọ̀ǹpútà ṣe sínú ìwé, kí o kọ orúkọ sọ́fítíwíà tí o fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wá wádìí bóyá ti Mac wà. Word àti Excel wà, má fòyà. Access kò sí. Bí o bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fi Access tọ́jú àkọsílẹ̀ owó, má tíì náwó.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ mónógíráàmù

Ibí gan-an ni kí o ti fara balẹ̀. Windows ni wọ́n ṣe sọ́fítíwíà Wilcom EmbroideryStudio fún. Fáìlì EMB tí o fi ń pa iṣẹ́ rẹ mọ́, ti Wilcom ni. EMB ni pátánì, DST tí o ń gbé fún ẹ̀rọ ni aṣọ tí a ti rán tán: ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà ló mọ̀, kò mú àwọ̀ òwú dání, bí o bá sì fẹ̀ ẹ́ jù, iṣẹ́ náà á bàjẹ́. DST nìkan kò tó fún ọ lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní kí o sọ iṣẹ́ ọrùn bùbá di ti agbádá. Sọ́fítíwíà mónógíráàmù mìíràn, Ink/Stitch, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Fi dánra wò lórí èyí tí o ní lọ́wọ́ báyìí.

Wọ́n á ní kí o fi Windows sínú Mac. Boot Camp ló ń ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lórí àwọn Mac tó ń lo ṣíìpù tí Apple ṣe fúnra rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M1 ní oṣù Bélú ọdún 2020. Parallels Desktop lè ṣe é, owó ni o máa san, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń bá a ṣiṣẹ́.

Fáìlì àti àmì ohùn

Bí háádì dísìkì rẹ bá jẹ́ NTFS, Mac á ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kò ní lè fi nǹkan kún un. exFAT ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ṣùgbọ́n bí o bá fọ́ọ̀mátì háádì dísìkì náà sí exFAT, gbogbo inú rẹ̀ á pa rẹ́, nítorí náà kọ́kọ́ kó ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Bí o bá ń tẹ orúkọ sára ìwé ìpè, ṣọ́ àwọn fọ́ńtì Yorùbá àtijọ́ tí kò bá ìlànà Unicode mu. Ẹ, ọ àti ṣ lè di nǹkan mìíràn lórí ẹ̀rọ tuntun. Lórí Mac, àtẹ bọ́tìnnì ABC – Extended ni kí o yàn, ó ń kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀.

Tí owó kò bá tó, Linux Mint tàbí Ubuntu, tó lè rọ́pò Windows, kò gba kọ́bọ̀, LibreOffice sì tó fún lẹ́tà àti ìṣirò. Bí o bá sì ra tuntun, má tíì ta láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí Wilcom rẹ wà lórí rẹ̀. Yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó máa ṣe iṣẹ́ Wilcom nìkan.

Kí o tó sanwó, wá ẹni tó ní Mac, kí o gbé fáìlì tìrẹ gan-an lọ bá a. Ṣí i, tún un ṣe, tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o fi rán iṣẹ́ kan lórí ẹ̀rọ rẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọrí, rà á pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.