Àbúrò Mi, Kọ Kọ́ọ̀dù Sórí Orin Náà

Àbúrò mi, sún mọ́ mi. Bí o bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sabon Gari, ní ìhà Airport Road níbí ní Kánò, ìwọ náà mọ̀ pé àjò ló kó púpọ̀ nínú wa jọ. Ẹni tó ń tẹ kíìbọọ̀dù fún wa lónìí, ibi iṣẹ́ rẹ̀ lè gbé e lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀. Bó bá lọ, gbogbo kọ́ọ̀dù tó wà nínú orí rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ̀ ọ́ pé kí o máa fi kọ̀ǹpútà kọ orin, kí o sì kọ kọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i lórí.

Owó kọ́ ni yóò dí ọ lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni MuseScore, sọ́fítíwíà ìkọ orin tí Werner Schweer bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Bí o bá ti gbà á sórí láàpútọ́ọ̀pù rẹ, o lè máa kọ orin láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kọ ohùn orin àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán ná. Tẹ nọ́ọ̀tì tí kọ́ọ̀dù yóò ti bọ́ sí, kí o wá tẹ Ctrl àti K pọ̀. Àyè kékeré yóò ṣí lókè ìlà. Ibẹ̀ ni kí o kọ G, Am tàbí D7 sí. Bó bá jẹ́ B flat, kọ B ńlá, kí b kékeré tẹ̀lé e. Sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di àmì flat. Bí béèsì yóò bá di ohùn mìíràn mú nísàlẹ̀, kọ G/B. Space bar ni yóò gbé ọ lọ sí èyí tó kàn, Esc ni yóò sì mú ọ jáde.

Má fi ọ̀rọ̀ lásán kọ ọ́ o. Kọ́ọ̀dù tí o fi Ctrl+K kọ máa ń tẹ̀ lé orin. Bí àwọn sopránò bá ní orin ti ga jù, mú gbogbo rẹ̀, lọ sí Transpose, kí o sì rí i pé o mú àyè tó wà fún kọ́ọ̀dù. Ohùn àti kọ́ọ̀dù yóò jọ sọ̀ kalẹ̀. Láti MuseScore 3.5 ti ọdún 2020 ló sì ti lè fi kọ́ọ̀dù náà dún sí ọ létí, kí o lè gbọ́ èyí tí kò bá orin mu.

Bí kọ́ọ̀dù kan kò bá bá orin Yorùbá mu, kọ́ọ̀dù ni kí o yí padà, má fọwọ́ kan ohùn orin. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ti 1953, pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Má sì to kọ́ọ̀dù sórí gbogbo sílébù. Ibi tí kọ́ọ̀dù ti yí padà nìkan ni kí o kọ ọ́ sí.

Bó bá jẹ́ Finale, sọ́fítíwíà ìkọ orin mìíràn, ni wọ́n fi kọ́ ọ, tètè gbé orin rẹ jáde ní fáìlì MusicXML, kọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò bá a wọ MuseScore. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, MakeMusic tó ni Finale kéde pé àwọn kò ní ṣe é síwájú mọ́.

Tẹ Ctrl+S lemọ́lemọ́ láti fi iṣẹ́ rẹ pamọ́, torí iná lè lọ. Gbé e jáde ní PDF, tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí o sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Òwerri àti ọmọ Tiv ló lè jọ jókòó sídìí ohun èlò. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá nínú wọn yóò ka G, yóò sì tẹ G.

Mú orin kan tí ẹ máa kọ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, àbúrò mi, kí o sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lálẹ́ òní.